Owena Bank dà? Bí a ṣe ń tọpa báńkì tó kú àti èyí tí wọ́n rà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá wa papòdà ní ọdún tó kọjá. Nínú àpótí irin wọn la ti rí ìwé ìfowópamọ́ Owena Bank kan, ìwé ṣíà Afribank, ìwé ṣíà Intercontinental Bank, àti káàdì ATM Heritage Bank. Kò sí báńkì kankan tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí ní Àkúrẹ́ mọ́. Ṣé gbogbo owó náà ti wọlẹ̀ nìyẹn? Èmi fúnra mi ní àkáǹtì ní báńkì mẹ́ta, mo sì ń gbọ́ pé àwọn báńkì tún ń dà pọ̀. Báwo ni mo ṣe lè máa mọ èyí tó kú àti èyí tó ra èkejì, kí ó má baà bá mi lójijì?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú aráfẹ́rakù. Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, yóò sì dá ẹ̀yin tí ẹ kù sí.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, ohun kan dá mi dúró. Ẹ ka nǹkan mẹ́rin fún mi, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe dáadáa kí ìwé Owena yẹn àti káàdì Heritage yẹn jẹ́ àkáǹtì kan náà. Bàbá lè má fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ ṣí àkáǹtì ní Heritage rárá. Wọ́n lè jókòó sílé wọn ní Àkúrẹ́, kí àkáǹtì náà máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí ó fi débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lọ. Owena Bank, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀, yí orúkọ padà di Omega Bank. Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, lábẹ́ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, Charles Soludo, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà, ó pẹ́ tán òpin ọdún 2005. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Omega ò lè dá a gbé, ló bá da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ márùn-ún mìíràn: Citizens International, ACB International, Fountain Trust, Guardian Express, àti Trans International Bank ti Ìbàdàn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di Spring Bank. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá àgbà Spring nípò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú báńkì tuntun tí wọ́n pè ní Enterprise Bank. AMCON, àjọ ìjọba tó ń ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. AMCON tà á fún Heritage ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage náà.

Orúkọ márùn-ún rèé, lórí àkáǹtì kan ṣoṣo: Owena, Omega, Spring, Enterprise, Heritage. Kódà Heritage fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ tuntun. Ìwé àṣẹ Société Générale Bank, tí wọ́n ti tì pa tẹ́lẹ̀, ni wọ́n jí dìde tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ìwé àṣẹ kan náà kú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n má tọpa orúkọ. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ sílẹ̀ ni ọ̀nà tí báńkì gbà lọ. Ohun tó yẹ kó tún mọ̀ ni pé owó tí a fi pamọ́ àti ṣíà kì í bá ọ̀nà kan náà lọ. Ọjọ́ tí báńkì kú ni àwọn méjèèjì máa ń pínyà.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Èkíní ni ìdàpọ̀ tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, bíi ti Cooperative Bank, èyí tó dà pọ̀ mọ́ Prudent, Bond, Reliance àti EIB láti di Skye, tàbí bíi ti National Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, tó wọ inú Wema. Owó yín bá a wọlé, ṣíà yín náà di ṣíà ilé tuntun. Èkejì, báńkì tó lágbára ra èyí tó ń ṣàìsàn. Owó yín pé, ṣíà yín dín. Ẹ̀kẹta ni mo ń pè ní báńkì afárá, òun ló sì ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Wọ́n gba ìwé àṣẹ báńkì àtijọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ti fi orúkọ mìíràn dá báńkì tuntun kan sílẹ̀ tó ń dúró. Àwọn tó fi owó pamọ́ rékọjá afárá. Àwọn tó ní ṣíà dúró sí òdìkejì odò, nítorí báńkì tí wọ́n jẹ́ onílé níbẹ̀ ti di òfo. Ẹ̀kẹrin, kò sí ẹni tó rà á, kò sì sí afárá. Wọ́n kàn tì í pa, NDIC, àjọ tó ń dúró fún owó àwọn oníbàárà, wá ń tà á ní ẹyọ ẹyọ.

(Gbèsè ni ò ní ọ̀nà kankan tó ń gbà sá. Bí bàbá bá yá owó lọ́wọ́ Afribank, ẹnì kan ra gbèsè yẹn, ó sì ń wá wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n dá AMCON sílẹ̀ fún ní ọdún 2010 nìyẹn, kí ó máa ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì.)

Ẹ wá fi èyí wo àpótí bàbá.

Afribank gba ọ̀nà kẹta. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 2011 yẹn náà ni, òun, Bank PHB àti Spring. Afribank di Mainstreet, Bank PHB di Keystone, Spring di Enterprise. Ká ní owó ni bàbá fi pamọ́ sí Afribank, owó yẹn ì bá ti bá Mainstreet lọ sí Skye ní ọdún 2014, ì bá sì ti bá Skye lọ sí Polaris ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2018, ẹ ò bá sì rìn wọ Polaris lọ́la láti béèrè. Ṣùgbọ́n ṣíà ni wọ́n ní. Ṣíà Afribank ò rékọjá. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún yín: ẹ lè fi ìwé yẹn sínú férémù gẹ́gẹ́ bí ìrántí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi bá yín gbà á padà, olè ni.

Ti Intercontinental yàtọ̀ pátápátá, ó sì dára kí ẹ má fi ìbànújẹ́ ti Afribank sọ ọ́ nù. Ọ̀nà kejì ló gbà. Access rà á ní ọdún 2011, orúkọ rẹ̀ sì pòórá nígbà tí ọdún 2012 bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé wọn ò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, onílé ò di òfo. Ṣíà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn di ṣíà Access, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré gan-an sí iye tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ò mọ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún ní ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé àwọn onípìn-ín, mo sì rí orúkọ àwọn òkú tí èrè ń gun orí ara wọn lọ́dọọdún láìsí ẹni tó wá béèrè. Ẹ lọ gba ìwé ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga, ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún olóògbé, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ àti ìwé ṣíà náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé onípìn-ín Access. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí bàbá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé báńkì gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó sún mọ́ wọn jù kì í ṣe arọ́pò ìwé kóòtù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjà ilé olórogún ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú Access yìí kan náà ni Gateway Bank, ti àwọn ará ìpínlẹ̀ Ògùn, já sí. Ó wọ inú Intercontinental ní ọdún 2005, ó sì bá a wọ Access. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Abẹ́òkúta tó ń ṣọ̀fọ̀ Gateway títí dòní, ẹ fi iṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ.

Heritage ló gba ọ̀nà kẹrin. Kò sí afárá. NDIC ń san owó fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan títí dé mílíọ̀nù 5 náírà. Orí kó àwọn èèyàn yọ níbí. Ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 2024 ni wọ́n sún òṣùwọ̀n yẹn sókè láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500, oṣù kan péré kí Heritage tó dákẹ́. NDIC fi nọ́ńbà BVN wá àkáǹtì mìíràn tí oníbàárà ní níbòmíràn, ó sì sanwó síbẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn àkáǹtì bàbá yòókù láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Owó náà lè ti wọlé síbẹ̀ láìsí ẹni tó fọkàn sí i. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NDIC pẹ̀lú káàdì, ìwé Owena, ìwé ikú àti ìwé kóòtù. Bí owó wọn bá ju mílíọ̀nù 5 lọ, èyí tó lé ń dúró de ohun tí wọ́n bá rí tà nínú dúkìá báńkì náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìpín àkọ́kọ́ tí NDIC kéde jẹ́ kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ojú sọ́nà fún kó fi san owó ilé-ìwé.

Ó kan tiyín báyìí.

Ní ọdún 2009, tí ìjì jà láàárín àwọn báńkì, ìwé eléwé ọgọ́rin ni mo rà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà yín. Báńkì kan, ojú ewé kan. Mo fa ìlà sí i: ọjọ́ wo, kí ni wọ́n ṣe, ta ló kéde rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ sí owó, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ṣíà. Ìlà "kí ni wọ́n ṣe" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣì gbọ́ lè mú kí ìlú dìde.

Ẹ wo ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009. Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ àwọn ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Wọ́n ti yá àwọn èèyàn lówó gọbọi láti fi ra ṣíà, ọjà ṣíà wá já lulẹ̀ ní ọdún 2008, owó náà ò sì padà. Ní oṣù kẹwàá, ó kan Bank PHB, Spring àti Equatorial Trust. Bílíọ̀nù 620 náírà ni Báńkì Àpapọ̀ fi gbé àwọn mẹ́jọ ró. Wema àti Unity náà ò lókun tó, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n fún àwọn ní àkókò láti wá owó kún owó. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkéde àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa kún. Gbogbo wọn ló ń sọ pé "wọ́n ti ti báńkì wa." Kò sí èyí tí wọ́n tì. Ọ̀gá ni wọ́n lé, ilé ṣí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀ kan nínú owó tó fi pamọ́ sí àwọn báńkì mẹ́jọ náà. Àwọn tó ṣe wàhálà jù ni àwọn tó sáré lọ gba owó wọn kó tó pé ọjọ́, tí èlé wọn sì jóná.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà nínú ìkéde gẹ́lẹ́. "Wọ́n yọ ọ̀gá" kì í ṣe "wọ́n gba ìwé àṣẹ." Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tú ìgbìmọ̀ olùdarí Union, Keystone àti Polaris ká. Lọ́jọ́ kejì, ATM wọn ṣì ń sanwó. Nínú ìwé mi, àlàyé ìlà kan péré ni ìyẹn gbà, kò sí ohun tó yí padà nínú ìlà owó.

Ọjọ́ méjì ni kí ẹ máa kọ fún ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni Access àti Diamond kéde pé àwọn fẹ́ra. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ báńkì kan lójú gbogbo ayé. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, Diamond ṣì ni Diamond, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti pè yín lórí fóònù pé kí ẹ ka nọ́ńbà káàdì yín kí àwọn lè "gbé àkáǹtì yín kọjá." Inú àlàfo yẹn ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbé. Báńkì ló ń kó àkáǹtì kọjá fúnra rẹ̀, kì í béèrè PIN.

Orúkọ tó wà lára pátákó tún lè tan yín jẹ ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2022, Titan Trust, tó jẹ́ ọmọ àná, ra Union, tó ti dàgbà tó bàbá àgbà. Pátákó Union ò kúrò lójú títì. Ẹni tó bá ń fi pátákó ṣírò ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Níbo lẹ ó ti máa rí ìròyìn? Ìkànnì Báńkì Àpapọ̀ fún ìwé àṣẹ, ìkànnì NDIC fún báńkì tí wọ́n ti tì àti owó tí wọ́n ń san, ìkéde ọjà ṣíà fún rírà àti títà. Ní Amẹ́ríkà, FDIC, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ NDIC níbẹ̀, ní àkójọ kan tó fi báńkì tó kú, ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tó gbà á sórí ìlà kan náà. Ní ọdún 2010 nìkan, 157 ló wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi gbogbo orúkọ àtijọ́ kún un láti orí Owena wá. Títí di ìgbà náà, ìwé eléwé ọgọ́rin ni. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín lórí WhatsApp, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Bí ìkéde bá jáde, ẹ fi bírò kọ ọ́ síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tí mo ṣàkíyèsí kún un. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009, ọjọ́ Ẹtì ni. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2009, ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 2011, ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ tí Skye di Polaris náà, ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn ti tì, kí wọ́n fi òpin ọ̀sẹ̀ tún ilé tò. Heritage ló bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Láti ìgbà náà ni mi ò ti gbẹ́kẹ̀ lé kàlẹ́ńdà mi mọ́, ṣùgbọ́n títí dòní, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ mi á máa yún mi.

Ní ti ìdàpọ̀ tí ẹ ń gbọ́, ó nídìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì tó ń ṣòwò dé òkèèrè ní bílíọ̀nù 500 náírà, kí èyí tó ń ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè nìkan ní bílíọ̀nù 200, ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2026. Soludo tún padà wá nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nínú ọ̀rọ̀ yìí ò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Mílíọ̀nù 5 tí NDIC ń dúró fún, gbogbo àkáǹtì tí ẹ ní nínú báńkì kan ni wọ́n ń rò pọ̀ kí wọ́n tó fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ní mílíọ̀nù 5 ní báńkì kan àti mílíọ̀nù 5 ní òmíràn, mílíọ̀nù 10 yín ló ní ìdúró. Ọjọ́ tí báńkì méjèèjì bá di ọ̀kan, mílíọ̀nù 5 péré ló kù tó ní ìdúró, ẹ ò sì ní gbọ́ àlááàtì kankan. Nítorí náà, tí ìdàpọ̀ bá ti kan méjì nínú àwọn mẹ́ta tiyín, ẹ ṣírò lọ́jọ́ náà. Fún báńkì kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní microfinance, mílíọ̀nù 2 ni. Wọ́n sì tètè ń lọ: ìwé àṣẹ 132 nínú wọn ni Báńkì Àpapọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ tó wà lórí BVN yín àti èyí tó wà lórí àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara mu, àgàgà tí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó tí ẹ sì ti yí orúkọ padà.

Ẹ padà sí ìwé Owena yẹn lálẹ́ yìí, kí ẹ sì ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn tí òǹtẹ̀ wà. Bí òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn bá jẹ́ ti àsìkò Omega tàbí Spring, àkáǹtì náà wà láàyè nígbà tó ń rékọjá, ọ̀rọ̀ NDIC ló sì jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé Owena nìkan ni òǹtẹ̀ rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sì jọ ohun tó wà nínú ìwé Heritage kankan, ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ yẹn sínú lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.